Abánidíje Kì Í Ṣe Ọ̀tá

Ní ọjọ́ kan tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ń parí sáà kẹta wọn, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó lábẹ́ afárá Ojú Ẹlẹ́gbà. Bí mo ti fẹ́ sọdá títì ni mo gbọ́ igbe. Àwọn ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ń sáré bọ̀ láti ìhà méjì, àwọ̀ aṣọ wọn sì yàtọ̀ síra. Àwọn kan ti bọ́ bẹ́líìtì ìdí wọn, wọ́n we é mọ́ ọwọ́; àwọn kan di òkúta mú; mo rí ọ̀kan tí ó di ìgò mú lọ́rùn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn oníṣòwò ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kí òkúta àkọ́kọ́ tó balẹ̀, bí ẹni tí ó ti rí i pé ojú ọ̀run ṣú. Ìyá kan tí ó ń ta búrẹ́dì fà mí wọ ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wọlé síbí, bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn tán. Kì í pẹ́."

Lóòótọ́ ni, kò pẹ́. Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ wá fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Mo fún un ní aṣọ ìnujú mi. Mo bi í pé kí ni àwọn tọ̀hún fi ṣe wọ́n. Ó ní, "Wọn ò ṣe nǹkan kan fún wa, sà." Mo ní kí ni wọ́n wá ń jà sí. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ní ìdí tí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ó ní, "Ọdọọdún la máa ń bá wọn jà, sà. Lọ́jọ́ tá a bá ń gba họ́lídè."

Ọdọọdún! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó bá mi délé. Ìjà tí ó ní ọjọ́ tirẹ̀, tí ó ní ibi tirẹ̀, tí àbúrò ń jogún lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, tí oníbúrẹ́dì sì ń fi í ka oṣù: kí ni ó kù kí a tó pè é ní ọdún, bí a ti ń pe ọdún Eégún ní ọdún?

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí a pè mí sí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí bàbá kan tí ó pé ẹni ọdún 85. Ọ̀kan nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ni bàbá náà lọ. Nígbà tí a ní kí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwé tí ó kà ni ó sọ, kì í sì í ṣe ipò tí ó dé. Ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn máa ń bá ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe lọ́dọọdún ni ó sọ. Ó sọ nípa ṣòkòtò funfun tí a lọ̀ gbágbá, nípa koríko pápá tí a gé mọ́lẹ̀ bí irun orí ọmọ tuntun, nípa bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kejì tí ó bá ṣe dáadáa, nípa tíì àti kéèkì tí àwọn tí ó borí àti àwọn tí a borí jọ ń jẹ nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mí kanlẹ̀, tí ó wí pé àwọn ọmọ ayé òde òní ti di ẹranko, pé òun kọjá ní Ojú Ẹlẹ́gbà láìpẹ́ yìí, òun sì rí wọn bí wọ́n ti ń fi òkúta fọ́ ara wọn lórí. Gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn mirí. Èmi kò mirí.

Mo kọ àròkọ yìí láti ta ko bàbá náà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Nǹkan mẹ́rin ni ó wà nínú ìdíje ọdọọdún tí bàbá náà ń ṣàárò rẹ̀: pápá, ọjọ́, adájọ́, àti oúnjẹ àjọjẹ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọmọ tí mo bá pàdé ní Ojú Ẹlẹ́gbà ní, ìyẹn ni ọjọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì yàn án. Àwọn mẹ́ta yòókù, àgbà ni ó yẹ kí ó pèsè wọn. Àgbà kò pèsè wọn. Kì í ṣe ìwà ni ó ya ọmọ àná sọ́tọ̀ sí ọmọ òní. Ohun tí a fi lé ọ̀kan lọ́wọ́ tí a kò fi lé èkejì lọ́wọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún kíríkẹ́ẹ̀tì ní ohun tí í ṣe tirẹ̀. Ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1904, ikọ̀ Èkó ti bá ikọ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, pàdé lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní 1909 ni ìjọba dá King's College sílẹ̀ ní Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ 10 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1929 ni Government College Ìbàdàn àti ti Umuahia tẹ̀ lé e. Kíríkẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ ní irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa wọ ọkọ̀ lọ bá ara wọn láti fi í figa gbága. Christopher Okigbo, akéwì tí ó kú sójú ogun ní 1967, ọmọ Umuahia ni, ó sì mọ kíríkẹ́ẹ̀tì í gbá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe náà, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ Eton àti ti Harrow ti kọ́kọ́ pàdé ní ọdún 1805, tí Byron akéwì sì wà lára àwọn tí ó gbá a fún Harrow.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, ó rọrùn láti ṣàpèjúwe. A ó ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ẹnì kan yóò di igi pẹlẹbẹ mú níwájú wọn láti dáàbò bò wọ́n. Abánidíje rẹ̀ yóò sáré wá, yóò ju bọ́ọ̀lù líle kan láti fi lu àwọn igi náà. Bí ẹni tí ó mú igi bá gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà, yóò sáré kó àmì ayò jọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ba igi, yóò jáde lọ, ẹlòmíràn yóò bọ́ síbẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò dúró de àsìkò tiwọn. Nígbà tí adájọ́ bá na ìka sókè pé o ti jáde, o ti jáde nìyẹn, bí ó tilẹ̀ dun ọ́ dé egungun. Ó ṣòro kí ọmọ ṣe èyí ní ọdọọdún fún ọdún márùn-ún kí ó má kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 85 kò purọ́ nípa ohun tí eré náà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè: ọmọ mélòó ni a fún? Wọn kò pọ̀. Ìjọba amúnisìn kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n pọ̀. Ìwọ̀nba ọmọ tí yóò ṣe akọ̀wé àti ọ̀gá iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, àwọn yẹn sì ni wọ́n gé koríko pápá fún. Ọmọ tí ó ń kiri ọjà lẹ́yìn ọgbà kò ní ìpín níbẹ̀ ju kí ó máa wò láti ojú wáyà. Tí bàbá wa bá wí pé ìgbà tiwọn dára, òótọ́ ni, ó dára fún wọn. Kò yẹ kí ẹni tí a fi abọ́ wúrà bọ́ máa fi ẹni tí ó ń jẹun lórí ewé ṣẹ̀sín pé ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí ti wọ́. Àgbà wà lọ́jà, ó ń sọ ìtàn kíríkẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí mo dé yìí ni inú àwọn ọ̀rẹ́ mi kan yóò ti máa dùn, àwọn tí a jọ ń kọ́ni ní èdè àti àṣà. Wọn yóò ní, "Dókítà, o ṣeun. Eré amúnisìn ni, ó ti lọ, kí ó máa lọ." Mo ní láti já wọn kulẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi nǹkan mú. Igi àti bọ́ọ̀lù ni òyìnbó mú wá. Kì í ṣe òun ni ó mú ìdíje ọdọọdún wá. Àwa ni a ti ń ṣe é kí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó gúnlẹ̀, àwa ni a sì ń ṣe bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Ẹ wo ìjàkadì. Ọ̀fà tí a fi ìjàkadì mọ̀ nínú oríkì kò jẹ́ kí ó di ìpànìyàn. Bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Kò sí ẹni tí ó ń fi òkúta lé ẹni tí ó ṣubú. Ẹ wo ìdí ọpọ́n ayò. Ọ̀ta yóò fi òpè ṣẹ̀sín títí omijé yóò fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, àwọn òǹwòran yóò máa dá sí i, síbẹ̀ bí wọ́n bá dìde níbẹ̀, wọn yóò jọ lọ mu ẹmu. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí a ń ṣe ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Regbéregbé kan yóò múra láti fi aṣọ borí regbéregbé kejì, àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé kan yóò fẹ́ kí ẹṣin tiwọn jó ju ti ìdílé kejì lọ. Ìdíje gidi ni, owó ń bá a lọ, orúkọ ń bá a lọ, àwọn ènìyàn sì ń fi ọdún kan gbáko múra sílẹ̀. Pápá wà, iwájú ààfin ni. Ọjọ́ wà. Ọba wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń tẹríba fún. Oúnjẹ sì wà nínú ilé gbogbo. Ǹjẹ́ kì í ṣe àwọn nǹkan mẹ́rin tí mo kà nìyẹn?

Èmi kò sì lè sọ̀rọ̀ Ojú Ẹlẹ́gbà kí n má dárúkọ ẹni tí ó ni ojúbọ ibẹ̀. Àwọn olórin ti kọrin nípa oríta yìí. Fela fi rúdurùdu rẹ̀ sínú orin ní 1975, Wizkid sì fi orúkọ rẹ̀ pe orin ní 2014. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́gbà ni ó kọ́kọ́ ni ín. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn kángun síra, tí Èṣù gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ méjì. Ọ̀kan ní dúdú ni fìlà náà, èkejì ní pupa ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Àwọn tí ó sọ Èṣù di Sàtánì nínú ìwé ka ìtàn yìí sí ìwà ìkà. Bí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn náà, ohun mìíràn ni mo ń rí níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jẹ́ olóòótọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn kò ní ni ẹnì kẹta tí yóò dúró sí àárín, tí yóò rí fìlà náà láti ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń gbé oríta tí kò sì yan adájọ́, Èṣù yóò bá a yàn án. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí ó wà ní ìhà méjì oríta kan náà, tí kò sí ohun kan tí ó ń so wọ́n pọ̀ láti January dé December, ọ̀rẹ́ méjì inú oko ni wọ́n.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ní kí eré òyìnbó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n mú wọn rin ìrìn-àjò kúkúrú. Ní erékùṣù Trobriand, tí ó jẹ́ apá kan Papua New Guinea lónìí, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì kan tí ń jẹ́ William Gilmour mú kíríkẹ́ẹ̀tì dé ní ọdún 1903, ó ní kí àwọn ará abúlé máa fi í rọ́pò ogun tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á bí ó ti wà. Wọ́n fi ìjó kún un, wọ́n fi ọfọ̀ kún un, wọ́n kun ara wọn bí ẹni ń lọ sógun. Àwọn agbá-a wọn lè tó ogójì ní ìhà kan níwọ̀n ìgbà tí ìhà kejì bá ti tó bẹ́ẹ̀. Abúlé tí ó gba àlejò ni yóò sì borí, lẹ́yìn èyí tí wọn yóò pín oúnjẹ. Eré òyìnbó ha tún ni èyí bí? Wọ́n gba igi lọ́wọ́ amúnisìn, wọ́n fi í ṣe ohun tí àwọn fẹ́.

Ẹ tún wo Sírí Láńkà. Royal College àti S. Thomas' ti ń pàdé lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì láti ọdún 1879, ogun àgbáyé méjèèjì kò sì dá wọn dúró. Àwọn ọmọ ọlọ́lá ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n rédíò wọn fi èdè Síńhálà gbé eré náà dé inú oko àti ìsọ̀, ọmọ àgbẹ̀ mọ orúkọ gbogbo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá ní èdè ìyá rẹ̀, orílẹ̀-èdè kékeré yẹn sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1996.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kan mí gbọ̀ngbọ̀n. Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fi di tiwa tí kíríkẹ́ẹ̀tì kò dì í? Òyìnbó kan náà ni ó mú méjèèjì wá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sí àdúgbò, àdúgbò sì fún un ní èdè. A ní agbábọ́ọ̀lù, a ní aṣọ́lé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò lè fi Yorùbá ròyìn rẹ̀ títí ara yóò fi bù ọ́ máṣọ. Àwọn ọmọ Sùúrùlérè gbá fẹ́lẹ́lẹ́ ní mọ́ńkì-pọ́ọ̀sì, wọ́n ka sẹ́ẹ̀tì, wọ́n dá òfin tiwọn. St. Finbarr's College tí ó wà ní Akọkà kópa nínú ìdíje Principals' Cup, Stephen Keshi àti Henry Nwosu sì ti ibẹ̀ dé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Kíríkẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń gbá a, òun ni a fi ń dájọ́ rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ni ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ti ń jẹ ẹgba. Títí di òní, èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá kò lè ròyìn eré kíríkẹ́ẹ̀tì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n má yá ogún ọ̀rọ̀. Ohun tí kò bá ní orúkọ ní èdè àdúgbò, àdúgbò kò ní sunkún rẹ̀ nígbà tí ó bá kú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pápá, èyí tí ó le jù. Ní 1979, nígbà tí Lateef Jakande di gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìsọ̀rí, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Ó fòpin sí i. Ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kíákíá, àwọn alátakò rẹ̀ sì ń fi àwọn ilé náà ṣẹ̀sín pé ilé adìyẹ ni. Èmi gan-an jókòó nínú irú ilé adìyẹ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú Jakande lójú mi. Nígbà tí ilé ń jó, omi ni a ń wá, a kì í wá àwo ìmumi.

Ṣùgbọ́n iná ti kú láti ìgbà náà, ó ti ju ogójì ọdún lọ. Kí ni àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe? Wọ́n wo ilẹ̀ tí ó ṣófo ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì rí i pé ó ṣófo. Ojú wọn kò rí i pé pápá ni. Ilé-ẹ̀kọ́ kan di méjì, di mẹ́ta nínú ọgbà kan ṣoṣo, ọ̀gá àgbà mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, pápá kankan kò sí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí èmi lọ, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ibi tí a ti ń gbá fẹ́lẹ́lẹ́ ti di ìsọ̀ tí a kọ́ mọ́ ara ògiri. Wọ́n ń ta táyà níbẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí ó ṣì ní ilẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, bí Igbobi College tí ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà rárá, ṣùgbọ́n ọgbà ni ọgbà ń jẹ́. Baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní ti Sùúrùlérè, àgbà ni ó kọ́kọ́ gbé pápá ọmọ tà.

Mo mọ èsì tí a ó fún mi. Wọn yóò ní kò sí ilẹ̀. Ní Sùúrùlérè! Àdúgbò tí a kọ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè sí fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti 1973, tí a jẹ́ kí ó wà ní ìpatì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a sì tún kọ́ pápá Teslim Balogun sí òdìkejì rẹ̀, èyí tí a ṣí ní 2007! Ọmọ tí mo fún ní aṣọ ìnujú lè fi ẹsẹ̀ rìn dé àwọn pápá méjèèjì. Ó lè rìn dé ibẹ̀, kò lè wọlé.

Wọn yóò ní kò sí owó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, mo ń bá yín wí. Ẹ̀ ń rówó kọ́ géètì tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Ẹ̀ ń rówó ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Owó tí ẹ fi ń pọ́n ẹnu ọ̀nà lè pọ́n ọmọ tí ó wà nínú ilé.

Wọn yóò ní bí a bá kó wọn jọ, wọn yóò pa ara wọn. Kí ni wọ́n ń ṣe nísinsìnyí? Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe ni kí a ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, tàbí kí a yí ọjọ́ ìparí sáà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ pé pápá ń pa ìjà run. Èmi náà rántí ìgbà tí òkúta fò níbi ìdíje bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nígbà náà, a mọ ẹni tí a ó bá wí, ó ní olùkọ́, ó ní balógun ẹgbẹ́, àwọn tí ó gbá eré náà a sì máa ti ojú wọn. Lábẹ́ afárá, ta ni ojú ń tì?

Ẹ má sì sọ fún mi pé kíríkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé ṣe mọ́. Ní November 2024, ní Pápá Tafawa Balewa ní Èkó, àwọn ọmọkùnrin wa lé Côte d'Ivoire jáde pẹ̀lú àmì ayò 7 péré. Ní January 2025, ní Màléṣíà, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 19 fi àmì méjì borí New Zealand nínú ìdíje àgbáyé, àwọn ọmọbìnrin tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọkùnrin ti ọdún 1929 kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi. Eré náà wà láàyè. Ohun tí ó kú ni ìpàdé ilé-ẹ̀kọ́ kan pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ ọn. A ń rí pápá fún àlejò láti òkèèrè, a kò rí i fún aládùúgbò.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo ń béèrè fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yí Ojú Ẹlẹ́gbà ká, n kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní ni pápá: kí a ṣí ọ̀kan nínú àwọn pápá ìjọba wọ̀nyí fún wọn láìgba kọ́bọ̀, kí a sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ eré ilé-ẹ̀kọ́ kankan kọ́ ìsọ̀ mọ́. Èkejì ni ọjọ́: ẹ má wulẹ̀ wá ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ tí wọ́n fi ń jà yẹn gan-an ni kí ẹ fún wọn. Ẹ̀kẹta ni adájọ́: kí ó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ kẹta, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò fi Yorùbá ròyìn eré náà, ìbáà ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ìbáà ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí, àwọn ọmọ yóò dá a sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò sì dá a dáadáa ju èmi lọ. Ẹ̀kẹrin ni oúnjẹ: kí àwọn tí ó borí àti àwọn tí a borí jókòó sí orí ẹní kan náà. Ìyá oníbúrẹ́dì lè bá wa pèsè èyí.

Òun ni mo sì fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi. Kò ka ìwé púpọ̀, kò gbọ́ orúkọ Eton rí, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn yóò pàdé, ó mọ ibi tí wọn yóò gbà wá, ó sì palẹ̀ mọ́ dè wọ́n. Nínú gbogbo àwa àgbà Ojú Ẹlẹ́gbà, òun nìkan ni ó fi ọjọ́ àwọn ọmọ náà sọ́kàn. Àwa yòókù, a kàn ń bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ni, a ń bi ara wa pé kí ló dé.